Ọmọ Ilé Ta Ni? Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́jẹ̀ Méjì Nínú Ìtàn Àròsọ Sáyẹ́ǹsì

Bí àlejò bá wọ agbo ilé kan ní Ìlọrin, tí ó kí wọn tán, tí ó sì jókòó, kì í pẹ́ tí àgbà kan yóò fi béèrè pé ọmọ ilé ta ni. Ilé ni wọ́n ń béèrè. Wọn kì í béèrè ìdá mélòó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ti ọ̀dọ̀ ta wá, torí ilé ló ń sọ ẹni tí ó jẹ́, ẹni tí ó lè fẹ́, àti ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti lè ta. Ìlú tó ní Balógun Gàm̀bàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjíkòbí àti Balógun Àlánàmú lábẹ́ Ẹ́míà kan ṣoṣo ti bá ọ̀rọ̀ yìí gbé pẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìdílé Fúlàní níbẹ̀ ni kò gbọ́ èdè Fúlàní rárá. Yorùbá ni wọ́n fi ń náwó lọ́jà, òun ni wọ́n fi ń bínú, òun ni wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, síbẹ̀ Fúlàní ni wọ́n, nítorí ilé baba wọn sọ bẹ́ẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé òkè Ọya, wọ́n lè pè é ní Yorùbá. Bí ó bá dé Ìbàdàn, wọ́n lè pè é ní Gàm̀bàrí. Nínú ilé tirẹ̀, kò sí ẹni tó ń pín in sí méjì.

Ìbéèrè kan náà ni ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ti ń gbé kiri láàárín ìràwọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n á bí ọmọ fún ènìyàn àti ẹ̀dá tó ti ayé mìíràn wá, ọmọ náà á dàgbà, á sì máa bi ara rẹ̀ pé èwo ni òun. Ẹlẹ́jẹ̀ méjì ni n ó máa pe irú ẹ̀dá ìtàn bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé òǹkọ̀wé tó bá fi ìdajì dáhùn ìbéèrè náà, tó ní apá ọ̀tún jẹ́ ti ìyá, apá òsì jẹ́ ti baba, àwọn méjèèjì sì ń jà nínú, onítọ̀hún kò tíì mọ ẹni tí ó ń kọ nípa rẹ̀. Ilé ni kí ó kọ́kọ́ wá: ta ló gbà á lọ́mọ, òfin wo ni wọ́n fi gbà á, kí sì ni ara rẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Spock ni ayé mọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Inú Star Trek ló wà, eré orí tẹlifíṣọ̀n tí Gene Roddenberry dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sáfẹ́fẹ́ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1966. Leonard Nimoy ló ṣe é. Sarek, baba rẹ̀, jẹ́ ará Vulcan, ayé mìíràn kan níbi tí wọ́n ti kà á sí àbùkù kí ènìyàn jẹ́ kí inú òun hàn lójú. Amanda, ìyá rẹ̀, jẹ́ ènìyàn bíi tiwa. Oṣù kọkànlá ọdún 1967 ni òǹwòran tó rí àwọn òbí náà, nínú apá tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní Journey to Babel, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ti kúrò ní àfiwé. Àìsàn ọkàn kọ lu Sarek. Iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè gbà á là, irú ẹ̀jẹ̀ tí ó ní sì ṣọ̀wọ́n. Spock ní irú rẹ̀, àmọ́ nǹkan ti ènìyàn wà nínú tirẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ sẹ́ kúrò kí wọ́n tó lè fà á sí baba lára. Ní àkókò yẹn gan-an ni wọ́n gún ọ̀gá ọkọ̀ ojú sánmọ̀ tí Spock ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lọ́bẹ, tí àkóso ọkọ̀ bọ́ sọ́wọ́ Spock. Ó ní òun kò lè fi ipò sílẹ̀ nítorí baba òun, torí òfin iṣẹ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbá a létí.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sí ibi tí Spock ti dúró síwájú dígí tí ó ń ráhùn pé òun jẹ́ méjì. Ohun tó wà nílẹ̀ ni pé baba rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ bíi baba sí ọmọ fún ọdún 18, nítorí pé ó wọṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú sánmọ̀ dípò ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ti Vulcan. Ìjà ilé ni. Ìwà tó mú kí Spock kọ̀ láti lọ gba baba rẹ̀ là ni ìwà tí baba náà ti fẹ́ kó ní láti kékeré, ìyá tó jẹ́ ènìyàn ló sì ń sanwó rẹ̀. Gbogbo ohun tí ìtàn náà ní láti sọ nípa ìdánimọ̀ wà nínú ìgbátí kan, kò sì sí ẹni tó dárúkọ ìdánimọ̀.

Ó dé ibi tó jìnnà ju eré lọ. Ní ọdún 1968, ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀, tí baba rẹ̀ jẹ́ òyìnbó, kọ lẹ́tà sí Spock nípasẹ̀ ìwé ìròyìn àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ FaVE. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun kò gba òun, yálà dúdú tàbí funfun. Nimoy fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn, ó sì ṣàlàyé bí Spock ṣe jà á já nígbà tó wà lọ́mọdé tí àwọn ọmọ Vulcan kò gbà á: ó yàn láti mọ iyì ara rẹ̀, kò fi ayé rẹ̀ wá bí gbogbo ènìyàn yóò ṣe fẹ́ràn òun. Ọmọbìnrin náà kò nílò àlàyé nípa Vulcan. Ohun tó ń bi Spock ni bí wọ́n ṣe ń gbé e.

Ẹni kejì tó yẹ kí òǹkọ̀wé fara balẹ̀ wò ni B'Elanna Torres, ẹ̀ńjìníà inú Voyager, eré Star Trek mìíràn tó jáde láti 1995 sí 2001. Ìyá rẹ̀ jẹ́ Klingon, ẹ̀yà jagunjagun kan láti ayé mìíràn, baba rẹ̀ jẹ́ ènìyàn. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́nà méjì tó yàtọ̀ síra, ẹ̀kọ́ sì pọ̀ nínú ìyàtọ̀ náà. Nínú apá tó ń jẹ́ Faces, ní 1995, onímọ̀ kan ya á sí ẹni méjì pátápátá: Klingon kan tó lágbára, tí kò mọ ẹ̀rù, àti ènìyàn kan tó ń gbọ̀n. Ìdajì gan-an rèé, tí wọ́n sọ di ẹran ara. Eré náà dùn, àmọ́ ẹ wo ohun tí ó gbà gbọ́ lábẹ́lẹ̀: pé ìgboyà jẹ́ ti ẹ̀yà kan, ìbẹ̀rù jẹ́ ti èkejì, àti pé bí a bá ti yọ ẹ̀jẹ̀ ìyá kúrò, ìwà tó bá a wá yóò tẹ̀ lé e. Ohun tó tún gba eré náà là ni òpin rẹ̀. Klingon náà kú, dókítà sì sọ pé èyí tó kù kò lè wà láàyè láìsí DNA Klingon, àkọsílẹ̀ àbùdá inú ara, lára rẹ̀, torí pé ara náà kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà láìsí i.

Nígbà tó di ọdún 2001, nínú Lineage, wọ́n kọ ọ́ dáadáa. B'Elanna ti lóyún fún ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ènìyàn. Ó rí àwòrán bí ọmọ náà yóò ṣe rí: iwájú orí gbágungbàgun bíi ti Klingon, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdá kan péré nínú mẹ́rin ni ti Klingon nínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọ́n ṣe máa yọ àwọn jíìnì náà, ẹyọ àbùdá tí òbí ń fún ọmọ, ó sì lọ yí ètò inú dókítà tó jẹ́ ẹ̀rọ padà kí ó lè sọ pé iṣẹ́ náà pọn dandan fún ìlera ọmọ. Kí ló fà á? Baba rẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ara Klingon tí òun àti ìyá òun ní ló lé e lọ. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé ọkọ òun náà yóò lọ. Bí a bá yọ ìràwọ̀ kúrò nínú ìtàn yìí, ìyá tó ń bó ọmọ rẹ̀ láwọ̀ kí wọ́n má baà kọ̀ ọ́ ló kù, a sì mọ irú rẹ̀ láàárín wa.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ọ̀rọ̀ ara, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìtàn ti ń já. Ìlọrin mọ ẹṣin. Ẹṣin léégún ilé wọn, gẹ́gẹ́ bí oríkì ìlú náà ti wí. Ẹṣin ní kúrómósómù 64, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tí àbùdá wà lórí wọn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní 62. Bí akọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá gun abo ẹṣin, ìbaaka ni wọn yóò bí, tí yóò gba 32 lọ́dọ̀ ìyá, 31 lọ́dọ̀ baba, àpapọ̀ 63. Ìbaaka lágbára, ó sì ń fara da ìyà. Àmọ́ nígbà tí ara rẹ̀ bá fẹ́ ṣe ẹyin tàbí àtọ̀, kúrómósómù kọ̀ọ̀kan ní láti wá èkejì rẹ̀ tó bá a mu kí wọ́n tó pín, wọn kì í sì rí ara wọn. Ìdí nìyẹn tí ìbaaka kì í fi í bímọ àfi níbi tó ṣọ̀wọ́n gidigidi. Kí òǹkọ̀wé má sì rò pé òǹkà tí kò pé méjì-méjì nìkan ló fà á. Ẹṣin ìgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Przewalski ní 66; ọmọ tí ó bá bá ẹṣin ilé bí ní 65, ó sì ń bímọ dáadáa, torí pé ohun tó wà lórí kúrómósómù wọn ṣì jọra. Bí àwọn ìdílé méjì ṣe jìnnà síra tó ló ṣe pàtàkì.

J.B.S. Haldane, onímọ̀ ọmọ Bìrìtéènì, ṣàkíyèsí ohun kan ní 1922 tó wúlò fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ irú ìtàn yìí. Bí ẹ̀yà méjì bá bímọ, tí akọ tàbí abo nínú àwọn ọmọ bá yàgàn tàbí tí wọn kò bá yè, èyí tí kúrómósómù akọ-n-bábo rẹ̀ kò jọ ara wọn ni ìyà náà sábà máa ń jẹ. Nínú ènìyàn àti ẹran tó ń fún ọmọ lọ́mú, ọkùnrin ni, torí X kan àti Y kan ló ní, tí obìnrin sì ní X méjì. Nínú ẹyẹ, abo ni. Nítorí náà, bí ẹ̀dá ìràwọ̀ yín bá jọ ẹyẹ, ẹ ronú nípa ọmọbìnrin inú ìtàn kí ẹ tó ronú nípa ọmọkùnrin. Nínú ìdílé tó ń retí ọmọ-ọmọ, irú kúlẹ̀kúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbé odidi orí ìwé kan ró.

Òótọ́ tó le jù ni pé ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bára tan, ènìyàn àti ẹ̀dá ìràwọ̀ kò bára tan rárá. Iṣu tí a ń gún bá wa tan ju wọ́n lọ, torí pé láyé kan náà ni àwa àti iṣu ti ṣẹ̀. Òǹkọ̀wé ní láti wá ọ̀nà gbà kọjá ibẹ̀, ọ̀nà tó bá sì gbà ni yóò pinnu ohun tí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ yóò máa bi ara rẹ̀. Star Trek ní 1993, nínú The Chase, sọ pé ẹ̀dá àtijọ́ kan ló gbin irúgbìn ara rẹ̀ sí oríṣiríṣi ayé ní bílíọ̀nù ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé ìbátan ni gbogbo wọn. Bí ẹ bá gba ọ̀nà yìí, ìbéèrè ọmọ náà á di pé, bí a bá jẹ́ ìbátan láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí ni wọ́n fi ń kọ̀ mí? Ọ̀nà kejì ni ilé ìwádìí, kí onímọ̀ fọwọ́ so jíìnì pọ̀. Níbẹ̀, ọmọ náà ní ẹni tó ṣe é, ìbínú rẹ̀ sì ní ibi tí yóò forí lé. Ọ̀nà tó burú jù ni kí òǹkọ̀wé dákẹ́, kí ó ní ìfẹ́ ló ṣe é.

Wọ́n tún máa ń da ohun méjì pọ̀ tí kò yẹ kó dàpọ̀. Ọmọ tí ẹ̀yà méjì bí, gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ ló ní ti ìyá àti ti baba. Kò sí ìka rẹ̀ kan tó jẹ́ ti ẹnì kan nínú wọn. Èkejì ni ẹ̀dá tí wọ́n fi ọlẹ̀ méjì pọ̀ ṣe. Ní 1984, àwọn onímọ̀ ní Cambridge kéde ẹran kan tí wọ́n fi ọlẹ̀ àgùntàn àti ti ewúrẹ́ ṣe: ibì kan lára rẹ̀ hu irun àgùntàn, ibì kan hu ti ewúrẹ́, torí sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ jẹ́ ti àgùntàn pátá tàbí ti ewúrẹ́ pátá. Òbí mẹ́rin ló ní. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀dá ìtàn tí apá kan rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀yà kan lóòótọ́, irú èyí ni kí ẹ kọ. Àmọ́ fún ọmọ tí wọ́n bí nínú oyún, ìdajì kì í ṣe òótọ́, kódà nínú ilé ìwádìí. Odidi ni.

Nípa ẹ̀jẹ̀, díẹ̀ péré: ẹ̀jẹ̀ Spock ní àwọ̀ ewé, wọ́n sì ní bàbà ló wà nínú rẹ̀ níbi tí irin wà nínú tiwa. Ẹ̀jẹ̀ bàbà tòótọ́, irú èyí tó wà lára akàn àti àkekèé, àwọ̀ búlúù ló ní nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kí ó rántí.

Bí ara ṣe ń náni lówó, ẹni tó fi hàn mí jù ni Scorpius inú Farscape, eré tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999. Ọ̀tá ni nínú ìtàn náà, àmọ́ wọ́n kọ ara rẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra tí wọn kì í fi kọ àwọn akọni. Scarran ni òbí rẹ̀ kan, ẹ̀yà tí ara wọn ń mú ooru jáde. Sebacean ni èkejì, ẹ̀yà tí ooru ń ba ọpọlọ wọn jẹ́ títí wọn yóò fi di òkú tó ń mí. Ara Scorpius ń ṣe ohun tí ara Scorpius kò lè fara dà. Ó ń wọ aṣọ dúdú kan tó bò ó látòkè délẹ̀ láti fi tu ara rẹ̀ nínú, wọ́n sì ń ti ọ̀pá amútutù bọ inú orí rẹ̀, tí wọ́n máa ń yọ kí wọ́n tó fi tuntun sí i. Ẹ ò nílò kí ó sọ pé inú òun kò dùn sí bí wọ́n ṣe bí òun. Aṣọ náà ti sọ ọ́. Òun ló sì ṣàlàyé ìkórìíra rẹ̀ sí àwọn Scarran, tí ó fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ sin.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ohun náà ní láti tóbi tó bẹ́ẹ̀. Nínú Avatar kejì, fíìmù tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2022, ìka mẹ́rin ni àwọn Na'vi, ará ayé mìíràn, ní lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Neteyam, àkọ́bí Jake, ènìyàn tó di ọ̀kan lára wọn, ní mẹ́rin. Lo'ak, àbúrò rẹ̀, ní márùn-ún, torí pé ara tí wọ́n fi jíìnì ènìyàn kún ni baba wọn ń gbé. Nígbà tí wọ́n sá dé ọ̀dọ̀ àwọn ará etí òkun, ìka kan tó lé yẹn ni àwọn ọmọ ibẹ̀ fi ń bú u. Ọmọ baba kan náà, ọmọ ìyá kan náà, ọ̀kan ní àmì, ọ̀kan kò ní.

Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yìí dé góńgó ni Octavia Butler, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, tó gbé láyé láti 1947 sí 2006. Ìwé mẹ́ta ló fi kọ ọ́, Dawn ní 1987, Adulthood Rites ní 1988, Imago ní 1989. Ogun ti pa ayé run. Àwọn ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Oankali kó àwọn tó ṣẹ́ kù pamọ́, wọ́n tún ayé ṣe, wọ́n sì béèrè owó rẹ̀: kí àwọn àti ènìyàn máa bímọ pọ̀. Wọn ò dá ẹlòmíràn sí láti bímọ lọ́tọ̀. Àwọn Oankali ní akọ, abo, àti ẹ̀kẹta tí wọ́n ń pè ní ooloi, òun ló ń gba jíìnì lọ́dọ̀ gbogbo wọn, tí ó ń tò ó, tí ó ń yọ àìsàn kúrò. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òbí márùn-ún: ọkùnrin àti obìnrin tó jẹ́ ènìyàn, akọ àti abo Oankali, àti ooloi kan.

Ọmọ tí ìwé kejì dá lé lórí ń jẹ́ Akin. Ìyá rẹ̀ ni Lilith Iyapo. Ẹ rí i pé òǹkọ̀wé náà wá orúkọ dé ọ̀dọ̀ wa. Akin jọ ọmọ ènìyàn lójú gbogbo ayé, àfi ahọ́n rẹ̀ tó ní àwọ̀ eérú, tí ó fi ń tọ́ nǹkan wò dé inú jíìnì wọn. Ó ń sọ̀rọ̀ bí àgbà nígbà tí ó ṣì wà lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn tí kò gbà láti bá Oankali gbé jí i lọ, wọ́n sì tà á sí ìlú kan tó ń jẹ́ Phoenix, níbi tí wọn kò ti lè bímọ mọ́, tí ọmọ tó jọ ènìyàn sì níye lórí ju ohun gbogbo lọ. Àwọn Oankali mọ ibi tó wà. Wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí ó lè mọ ènìyàn. Láàárín àkókò náà ni ó yẹ kí òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ so mọ́ra, gẹ́gẹ́ bí ara Oankali ṣe ń fẹ́, ìsomọ́ra náà sì já. Kò ṣeé tún ṣe bí ó ti yẹ mọ́.

Ohun tí Butler ṣe níbẹ̀ ni kí ẹ fi ọkàn sí. Ẹ̀jẹ̀ kò sọ Akin di alágbàwí fún ènìyàn, bíbá tí ó bá wọn gbé ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Owó tí ó sì san fún un, ará ilé kejì rẹ̀ ló san án, lára ọmọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó balágà, ara rẹ̀ yí padà, ìrísí ènìyàn kúrò lójú rẹ̀, ó di ẹ̀dá aláwọ̀ eérú tí nǹkan bí ìrù wẹ́wẹ́ hù lára rẹ̀, tí àwọn tó tọ́ ọ kò lè wò láìfà sẹ́yìn. Àkókò yẹn gan-an ló ń jà fún wọn kí wọ́n lè ní ayé tiwọn lórí Mars, kí wọ́n sì máa bímọ padà. Ojú rẹ̀ lọ sí ọ̀nà kan, ọkàn rẹ̀ dúró sí èkejì. Kò sí ìpín ọgọ́rùn-ún kankan tó lè ṣàlàyé ìyẹn.

Àwọn mìíràn wà tí wọn kò bí bẹ́ẹ̀, tí ara wọn yí padà lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Binti, ọmọ Himba, ẹ̀yà kan ní Nàmíbíà, tí Nnedi Okorafor kọ ìtàn rẹ̀ jáde ní 2015, fi ilé sílẹ̀ láìdágbére láti lọ sí yunifásítì láàárín ìràwọ̀. Àwọn Meduse, ẹ̀dá ìràwọ̀ kan, ta á lóró lójú ọ̀nà, irun dídì rẹ̀ sì di ọwọ́ tó ń mira fúnra rẹ̀. Ó ṣì ń fi otjize, amọ̀ pupa àti òróró tí àwọn obìnrin Himba ń fi para, pa á lójoojúmọ́. Ìtàn náà di ti ìdánimọ̀ gan-an nígbà tó pa dà sílé nínú ìwé kejì, ní 2017, tí ó ní láti dúró níwájú àwọn ará ilé rẹ̀ pẹ̀lú orí yẹn. Ti Delenn nínú Babylon 5, eré orí tẹlifíṣọ̀n mìíràn, jọ ọ́: Minbari ni, ẹ̀yà kan láti ayé mìíràn, ó yí ara rẹ̀ padà kí ó lè dà bí afárá láàárín ẹ̀yà rẹ̀ àti ènìyàn, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso wọn. Irun hù sí i lórí fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ó ní láti lọ bẹ obìnrin mìíràn kí ó kọ́ òun. Ẹni tí wọ́n bí ní ẹlẹ́jẹ̀ méjì ń béèrè pé ilé wo ni òun. Àwọn wọ̀nyí mọ ilé wọn, ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá ilé ṣì mọ àwọn.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì ni mo ń sọ fún Yorùbá. Ìtàn ọdẹ tó rí ẹranko tó bọ́ awọ di arẹwà ti wà lẹ́nu àwọn baba ńlá wa. Níbì kan ẹtu ni, níbì kan ẹfọ̀n ni, wọ́n sì so ti ẹfọ̀n mọ́ Ọya. Ọdẹ jí awọ pamọ́, ó fẹ́ obìnrin náà, wọ́n bímọ, orogún tú àṣírí, ìyá sì gbé awọ rẹ̀ wọ̀ ó padà sígbó. Ó fi ìwo sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n fi máa pè é. Ìtàn náà sábà máa ń parí síbẹ̀, ó sì máa ń dùn mí pé ó parí síbẹ̀, torí àwọn ọmọ yẹn ló yẹ kí ẹnì kan kọ ìwé nípa wọn. Ọmọ ọdẹ ni wọ́n. Tí baba bá fẹ́ kọ́ wọn níṣẹ́ ilé, kí ni wọn yóò yìnbọn sí?

Sáyẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ ti dé ibẹ̀. Ní 2018, àwọn onímọ̀ kéde ohun tí wọ́n rí nínú èérún egungun kan láti ihò Denisova ní Siberia: ọmọbìnrin tó gbé láyé ní nǹkan bí 90,000 ọdún sẹ́yìn, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Neanderthal, tí baba rẹ̀ jẹ́ Denisovan, ẹ̀yà ènìyàn àtijọ́ méjì tó ti parẹ́. Ó tó ọmọ ọdún 13 ó kéré tán. Ní 2020, Arun Durvasula àti Sriram Sankararaman gbé ìwádìí jáde lórí DNA àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Yorùbá wà lára wọn. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé láàárín ìdá 2 sí 19 nínú ọgọ́rùn-ún jíìnì wọn ti ọ̀dọ̀ ẹ̀dá ènìyàn àtijọ́ kan wá, tó ti yà kúrò lára ìran wa kí Neanderthal tó yà, tí kò sì sí ẹni tó tíì fi egungun kan hàn pé tirẹ̀ nìyí. Ẹnì kan bímọ fún ẹnì kan nígbà náà, ilé kan sì gba ọmọ náà.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ tiyín, ẹ jẹ́ ká fi Ọ̀mù-Àrán ṣe ibi ìtàn. Kí obìnrin ibẹ̀ kan bímọ fún ẹ̀dá ìràwọ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ọkùnrin ibẹ̀ kan bímọ pẹ̀lú ẹ̀dá ìràwọ̀ kan náà. Nínú ilé ìwádìí, ó ṣòro láti mọ ìyàtọ̀ nínú ọmọ méjèèjì. Nínú agbo ilé, ìyàtọ̀ wọn pọ̀. Ọmọ tí ọkùnrin náà bí ti di ọmọ onílé ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bá sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní ilẹ̀, ó ní oríkì orílẹ̀, eégún ilé rẹ̀ lè dúró níwájú rẹ̀ kí ó kì í, bí ìka rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ méje. Ọmọ tí obìnrin náà bí, wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á gbé e pọ̀n, àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá délẹ̀, ẹnì kan yóò wúkọ́. Ilé baba rẹ̀ wà lórí ìràwọ̀ tí kò sí ọkọ̀ tó ń ná an. Ohun tó wà láàárín àwọn ọmọ méjì yẹn ni ìtàn yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ìwé àyẹ̀wò DNA jáde láti fi yanjú rẹ̀.

Ẹ tún mọ ohun tí ọmọ náà yóò máa pe òbí kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kọ ìlà àkọ́kọ́. Tí òbí bá jẹ́ mẹ́ta, ta ni ọmọ máa dọ̀bálẹ̀ fún kọ́kọ́? Ẹ mọ oúnjẹ tí ikùn rẹ̀ kò gbà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó jẹ́ oúnjẹ tí ilé náà fi ń ṣàlejò, torí níbẹ̀ ni àìgbà náà yóò ti hàn lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ mọ ibi tí ara rẹ̀ kò ti lè ṣe ààtò: bí kò bá lè forí kanlẹ̀, kí ni àlùfáà yóò sọ nípa ìrun rẹ̀? Ó dájú pé Ìlọrin ní àlùfáà tó lè fi odidi ọ̀sán jíròrò ìyẹn pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀. Ẹ kọ ọ̀sán náà.

Ibi tí mo rí pé a ní ohun tí àwọn òyìnbó kò ní ni oríkì. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé ló sábà máa ń mọ oríkì ilé ọkọ jù, òun ló ń fi kí ọmọ láàárọ̀, òun ló ń fi rẹ̀ ẹ́. Bí ìyàwó náà bá ti ìràwọ̀ wá, yóò kọ́ ọ, torí àwọn ìyálé kò ní gbà kí ó má kọ́ ọ. Àmọ́ ọ̀fun rẹ̀ lè má gbé ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀. Ẹ kọ gbogbo oríkì tí obìnrin náà bá ń pè láìfi àmì ohùn kankan sí i, bó ti wù kó ṣòro kà tó, ẹ má sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún òǹkàwé. Nígbà tí ọmọ náà bá dàgbà tó láti ki ara rẹ̀, ẹ fi àmì sí tirẹ̀. Ẹ fi ẹ̀sọ̀ mú ìlà kan nínú rẹ̀, ìlà tí ìyá rẹ̀ máa ń pè jù, kí ó pè é bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é.